Bí Ìjọba Ṣe Ń Gbẹ́sẹ̀ Lé Ilé Ní Amẹ́ríkà: Láti Orí Lẹ́tà Títí Dé Orí Gbànjo



Kò sí ọmọ Yorùbá tó ra ilé sí Houston, sí Chicago tàbí sí Maryland tí kò mọ ohun tí báǹkì lè ṣe fún ẹni tí kò bá san owó ilé rẹ̀ déédéé. Àwọn kan fojú rí i lọ́dún 2008, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ tí àwọn báǹkì ń gba ilé lọ́wọ́ onílé lọ́tùn-ún lósì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹni tó ti san gbèsè báǹkì tán pátápátá, tí ìwé ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣì lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́ ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n sì pàṣẹ pé kí wọ́n lu ilé náà ní gbànjo. Báǹkì kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Gbèsè owó orí ni.

Òfin yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Láti ọdún 1868, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ni ìjọba àpapọ̀ ti ní àṣẹ láti gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ rẹ̀; abala 7403 nínú òfin owó orí ni wọ́n ń pè é lónìí. Ẹjọ́ náà kì í dédé wáyé. Ọdún púpọ̀ ló máa ń gbà kó tó dé iwájú adájọ́, nígbà tó bá sì fi débẹ̀, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí: gbèsè wà nínú ìwé, ọjọ́ tí onígbèsè ì bá fi jiyàn ti kọjá. Nítorí náà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò pẹ́ díẹ̀ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú ẹjọ́, torí ibẹ̀ ni ilé ti ń bọ́ lọ́wọ́ onílé.

Ọjọ́ tí IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, kọ iye tí ẹnì kan jẹ sínú ìwé rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àjọ náà yóò fi lẹ́tà béèrè owó. Bí onítọ̀hún kò bá san án, òfin ti so gbèsè náà mọ́ gbogbo ohun tó ní: ilé, ilẹ̀, ọkọ̀, owó báǹkì, títí kan ohun tí yóò tún ní lọ́jọ́ iwájú. Lien ni àwọn agbẹjọ́rò ń pè é. Ìdè gbèsè ni a ó máa pè é níhìn-ín. Kò nílò àṣẹ adájọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní wá kan ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ gbèsè sílẹ̀ ni òfin kà á sí pé ìdè náà ti bẹ̀rẹ̀. Onílé lè máa sùn kó máa jí nínú ilé náà fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, kó máa kùn ún lọ́dà, kó máa tún òrùlé ṣe, kó má mọ̀ pé ìjọba ti ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ hàn síta ni ìwé kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 668(Y). Orúkọ onígbèsè àti àdírẹ́sì rẹ̀ wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to ọ̀rọ̀ sí lẹ́sẹẹsẹ: irú owó orí tó jẹ, sáà tí owó náà wà fún, nọ́ńbà ìdánimọ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ gbèsè sílẹ̀, ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n lè tún un fi sílẹ̀, àti iye tó ṣẹ́ kù. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ ní káúńtì tí ilé wà ni IRS ń fi í sí. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ ra ilé ọ̀hún, tàbí báǹkì tí onílé bá fẹ́ fi ilé náà yáwó lọ́wọ́ rẹ̀, yóò rí i. Onígbèsè ní ọjọ́ 30 tó lè fi béèrè pé kí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀hónú nínú IRS gbọ́ tẹnu òun. Ọdún 1998 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ẹ̀tọ́ yìí sínú òfin, lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú ti wá ròyìn níwájú àwọn sẹ́nétọ̀ bí àwọn òṣìṣẹ́ owó orí ṣe ń fi ipá bá wọn lò.

Báwo ni ọmọlúàbí ṣe ń dé irú ibi báyìí? Ọ̀nà kan wà tó yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó dá òwò sílẹ̀ lọ́hùn-ún fetí sí dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn ló ní iléeṣẹ́ tó ń rán olùtọ́jú lọ sí ilé àwọn arúgbó àti aláìsàn. Àwọn mìíràn ní ilé oúnjẹ tàbí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé. Nígbà tí ọ̀gá bá fẹ́ san owó iṣẹ́, dandan ni kó yọ owó orí òṣìṣẹ́ sílẹ̀ kó sì fi í ránṣẹ́ sí ìjọba. Owó yẹn kì í ṣe ti ọ̀gá. Ọwọ́ rẹ̀ ló kàn gbà kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ jẹ iléeṣẹ́ kò bá tètè dé, tí owó ṣọ́ọ̀bù sì tó san, àtiyá nínú owó yẹn fún oṣù kan kì í jọ ẹ̀ṣẹ̀ lójú ẹni tó ń ṣe é. Oṣù kan á di mẹ́ta, mẹ́ta á di ọdún. Abala 6672 nínú òfin wá sọ pé ẹnikẹ́ni tó ní agbára láti san owó náà, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe nǹkan mìíràn, yóò fi owó ara rẹ̀ san án. Iléeṣẹ́ lè kógbá sílé, kí gbèsè náà wá ọ̀gá dé ilé tó ń gbé. Ìyàwó tó ń bá ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì pàápàá lè bọ́ sí i, bó bá jẹ́ pé ó láṣẹ láti pinnu ẹni tí wọ́n máa sanwó fún àti ẹni tí yóò dúró. Lẹ́tà tí wọ́n fi ń kéde èyí fún ènìyàn máa ń fún un ní ọjọ́ 60 láti jiyàn.

Ọ̀nà kejì ni ìtìjú. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ kì í fẹ́ fi ìwé owó orí ọdún sílẹ̀, ó rò pé bí ìjọba kò bá tíì mọ iye, kò tíì sí gbèsè. Òdì kejì ni òfin sọ. Ìtanràn ẹni tí kò fi ìwé sílẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100 owó náà lóṣooṣù, títí tí yóò fi di ìdá 25. Ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò rí owó san, ààbọ̀ ìdá kan péré nínú 100 ni tirẹ̀ lóṣù. Èlé tún ń gorí èyí lójoojúmọ́. Ọdún 10 ni ìjọba ní láti gba owó náà lẹ́yìn tó bá ti kọ gbèsè sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún tí ẹnì kan kò fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ kò ní ọjọ́ tí yóò kọjá lọ fúnra rẹ̀. Ìgbàkígbà ni ìjọba lè ṣí i.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì tún wà, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ti tipa rẹ̀ lọ. Àdírẹ́sì tí IRS mọ̀ mọ ènìyàn kẹ́yìn ni wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí, bí lẹ́tà náà bá sì ti lọ síbẹ̀, òfin kà á sí pé ó dé ọwọ́ onítọ̀hún, ìbáà kà á, ìbáà má kà á. Ká ní ọkùnrin kan kó kúrò ní Bronx lọ sí Houston, tí kò fi ìwé ìpààrọ̀ àdírẹ́sì ránṣẹ́. Lẹ́tà tó sọ pé owó orí rẹ̀ kò pé fún un ní ọjọ́ 90 láti gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Owó Orí, níbi tí ó ti lè jiyàn láìkọ́kọ́ san kọ́bọ̀. Bronx ni lẹ́tà náà wà. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ báyìí fi í sórí àpótí lẹ́tà pẹ̀lú àwọn ìwé ìpolówó. Ọjọ́ 90 ti pé. Ìwé tó tún tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n ń pè ní ìkìlọ̀ ìkẹyìn, máa ń bá ọ̀nà lẹ́tà tí wọ́n ń fọwọ́ sí wá, òun náà fúnni ní ọjọ́ 30. Bí ọkùnrin yìí bá ń ṣe òkú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí wọ́n kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, òfin fún ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 150 dípò 90. Ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ pé àfikún yẹn wà.

Ó yẹ kí a sọ eléyìí pẹ̀lú: àwọn gbájú-ẹ̀ tó ń pe àwọn àgbàlagbà lórí fóònù, tí wọ́n ń sọ pé ọlọ́pàá ti ń bọ̀ tàbí pé wọ́n máa ta ilé lọ́la bí wọn kò bá fi káàdì ẹ̀bùn sanwó, kì í ṣe IRS. Lẹ́tà ni ìjọba fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́.

Nígbà tí ó bá kan ilé tí ènìyàn ń gbé gan-an, òfin ọdún 1998 fi nǹkan díẹ̀ dí IRS lọ́wọ́. Kò gbọdọ̀ gba irú ilé bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé adájọ́ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní kíkọ sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbà á rárá bí gbogbo gbèsè náà kò bá ju 5,000 dọ́là lọ. Ọ̀nà tó ṣẹ́ kù ni ẹjọ́ abala 7403. Agbẹjọ́rò ìjọba ni yóò pè é. Nínú ìwé ẹjọ́, United States of America ni olùpẹjọ́, orúkọ onílé ni yóò tẹ̀ lé e. Gbogbo ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ kankan nínú ilé náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ pè: báǹkì, ìjọba ìpínlẹ̀, káúńtì, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, ọkọ tàbí ìyàwó. Olúkúlùkù ní ọjọ́ 21 láti fèsì. Ẹni tí kò bá fèsì, wọ́n lè dá ẹjọ́ rẹ̀ láìsí i níbẹ̀. Nítorí pé kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹnikẹ́ni kò ní lọ sẹ́wọ̀n nínú rẹ̀, àmọ́ ìdí kan náà ni ìjọba kò fi ní yan lọ́yà ọ̀fẹ́ fún ẹni tí kò lágbára láti gba ọ̀kan.

Ní Texas àti ní Florida, òfin ìpínlẹ̀ máa ń dáàbò bo ilé tí ènìyàn ń gbé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó bá jẹ lówó, inú àwọn tó ra ilé síbẹ̀ sì máa ń dùn sí i. Ààbò yẹn kò dé ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ẹjọ́ tó fìdí èyí múlẹ̀ ni United States v. Rodgers, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní 1983. Opó kan ní Texas ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọkọ rẹ̀ àtijọ́ jẹ gbèsè owó orí tẹ́tẹ́, tí wọ́n ṣírò sí ohun tó lé ní 900,000 dọ́là, kó tó kú. Obìnrin náà kò jẹ ìjọba ní nǹkan kan. Òfin Texas sì sọ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé ilé náà títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ dáhùn pé ìjọba lè ta gbogbo ilé náà pátá, kì í ṣe ìpín ọkọ nìkan, bí wọ́n bá ṣáà ti fún obìnrin náà ní iye tí ẹ̀tọ́ tirẹ̀ tó nínú owó tí wọ́n bá rí. Mẹ́rin nínú adájọ́ mẹ́sàn-án kò gbà pẹ̀lú wọn lórí ọ̀rọ̀ opó yìí. Àwọn márùn-ún tó kù fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún adájọ́ ilé ẹjọ́ kékeré láti kọ̀ bí títà náà bá máa ni aláìjẹ-gbèsè lára jù: kó wo ohun tí ìjọba máa pàdánù bó bá jẹ́ ìpín onígbèsè nìkan ni wọ́n tà, kó wo bóyá aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ní ìdí láti rò pé ilé òun kò ní bọ́ sínú irú rẹ̀, kó wo ìyà tí kíkó jáde máa mú wá àti bóyá owó tí wọ́n máa fún un á tó, kó sì wo bí ìpín àwọn méjèèjì ṣe tó síra wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ pé àyè náà kò fẹ̀. Ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún.

Nínú ìdájọ́ yẹn ni ìṣirò kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ìyá tàbí àǹtí ní Amẹ́ríkà mọ̀. Ilé ẹjọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ pé bí ẹ̀tọ́ láti máa gbé ilé títí ọjọ́ ikú bá dà bí ìpín tí wọ́n lè fi táblì ọjọ́ orí ṣírò, opó ọmọ ọdún 30 yóò gba bí ìdá 97 nínú 100 owó ilé, ẹni ọdún 50 yóò gba ìdá 89, ẹni ọdún 70 yóò gba ìdá 64. Ìṣirò náà tọ̀nà nínú ìwé. Nínú ayé, ó burú. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló lágbára láti ṣí lọ, láti wá iṣẹ́ míì, láti tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá àádọ́rin ọdún ló mọ dókítà tó wà ní òpópónà kejì, ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní ìkòríta, aládùúgbò tó ń bá a gbé ìdọ̀tí síta lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Òun gan-an ni táblì fún ní èyí tó kéré jù. Òfin tó lè ka iye ọdún tó kù fún obìnrin ní ilé rẹ̀ kò rí ohun tó fi ń gbé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kó máa rí bẹ́ẹ̀.

Yorùbá tó ń gbọ́ èyí yóò rántí ilé ẹbí. Nínú àṣà àti òfin ilẹ̀ wa, gbèsè tí ọmọ ẹbí kan jẹ kò lè mú kí wọ́n ta ilé tí bàbá fi sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti gbé ibẹ̀ kì í ṣe ohun tó lè yọ kúrò kó gbé fún olówó. Ojú yẹn ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wo ilé tí ọkọ àti ìyàwó jọ ní lókè òkun, wọ́n rò pé orúkọ ìyàwó lórí ìwé ti tó ààbò. Ẹjọ́ United States v. Craft, ní 2002, já ìrètí náà. Ní Michigan, òfin ìpínlẹ̀ ka irú ilé tí tọkọtaya jọ ní bẹ́ẹ̀ sí ohun tí kò ṣe é pín. Ẹni tí ọkọ nìkan jẹ lówó kò lè fọwọ́ kàn án. Ọkọ inú ẹjọ́ yìí kò fi ìwé owó orí sílẹ̀ láti 1979 títí dé 1986, gbèsè rẹ̀ sì lé ní 480,000 dọ́là. Nígbà tí ìdè gbèsè ti wà lórí rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ gbé ilé náà sí orúkọ ìyàwó nìkan, dọ́là kan ni wọ́n kọ pé ó fi rà á. Adájọ́ 6 nínú 9 sọ pé ìdè ìjọba àpapọ̀ ti mú ìpín ọkọ nínú ilé náà, ohun yòówù tí òfin Michigan ì báà sọ.

Ọ̀rọ̀ dọ́là kan yẹn kan ilé wa. Àwọn tí gbèsè bá ń lé máa ń gbé ilé sí orúkọ àbúrò, sí orúkọ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18, tàbí sí orúkọ ìyá tó wà ní Abẹ́òkúta. Kò gba ilé sílẹ̀. Bí ìdè bá ti wà lórí ilé kí wọ́n tó gbé e, ó ń bá ilé náà lọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ti gbé e ṣáájú, ìjọba lè sọ pé orúkọ lásán ni àbúrò náà, tàbí pé wọ́n gbé e láti fi rẹ́ ẹni tó jẹ lówó jẹ, kí adájọ́ sì wọ́gi lé e. Ẹni tí kò jẹ nǹkan kan á wá di olùjẹ́jọ́ nínú ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí adájọ́ bá pàṣẹ títà, ọ̀rọ̀ ń yára. Òfin ní kí wọ́n polówó ilé náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àdúgbò, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn òṣìṣẹ́ IRS tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títa dúkìá, tàbí àwọn Marshal, ọlọ́pàá ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, ló sábà máa ń tà á, níwájú kọ́ọ̀tù káúńtì tàbí nídìí ilé gan-an. Àṣẹ náà máa ń dá ọjọ́ tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kó jáde. Bí wọ́n bá kọ̀, Marshal lè fi agbára kó wọn jáde. Nínú owó tí wọ́n bá rí, ìnáwó títà ló ń kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà owó orí ilé tó kan káúńtì àti báǹkì tí ìwé rẹ̀ ṣáájú ti ìjọba, lẹ́yìn náà ìjọba àpapọ̀, gẹ́gẹ́ bí olúkúlùkù ṣe ṣáájú ara wọn. Ìpín aláìjẹ-gbèsè jẹ́ tirẹ̀, ohun tó bá sì ṣẹ́ kù di ti onílé. Iye tí ilé ń mú wá ní gbànjo sábà máa ń rẹlẹ̀ ju ti ọjà lọ.

Pé àṣẹ́kù jẹ́ ti onílé lè dà bí ohun tí kò tó sọ, àmọ́ àwọn káúńtì kan ní Amẹ́ríkà ti ń gbé e mì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Minnesota, ìyá àgbà kan jẹ owó orí ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ju 2,300 dọ́là lọ. Ìtanràn, èlé àti ìnáwó sọ ọ́ di bí 15,000. Káúńtì Hennepin gba ilé náà, ó tà á ní 40,000, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ sápò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a ní ohùn kan nínú Tyler v. Hennepin County pé 25,000 tó lé yẹn jẹ́ ti ìyá náà. Ẹni ọdún 94 ni nígbà náà. Gbèsè káúńtì ni ti ìyá yìí, kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá ní ilé yẹ kó mọ̀ ọ́n, torí ọwọ́ káúńtì máa ń tètè dé ilé ju ọwọ́ IRS lọ.

Àwọn ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro láti sọ, kìkì pé wọ́n ní àkókò. IRS ń gbà kí ènìyàn máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ó lè gba iye tó kéré sí gbèsè náà lọ́wọ́ ẹni tó fi ẹ̀rí hàn pé òun kò lè san án tán. Ọkọ tàbí ìyàwó tó fọwọ́ sí ìwé owó orí láìmọ̀ pé ẹnì kejì purọ́ nínú rẹ̀ lè béèrè kí wọ́n yọ òun kúrò nínú gbèsè náà. Ẹni tó bá sì rí i pé ilé máa lọ dandan lè fúnra rẹ̀ wá olùrà lọ́jà, kó ní kí IRS fún ilé náà ní ìwé ìdásílẹ̀ kúrò nínú ìdè, kí owó tó tọ́ wọlé dípò owó gbànjo. Fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀, àwọn ilé ìrànlọ́wọ́ owó orí wà káàkiri ìpínlẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ní ilé ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì, tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́ pẹ̀lú owó látàrí òfin 1998. Wọ́n máa ń gba ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó táṣẹ́rẹ́, àwọn kan sì lè bá ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa wá ògbufọ̀.

Àlàfo kan ṣì wà nínú òfin náà tí kò yẹ kó wà. Ààbò tí wọ́n ṣe lọ́dún 1998, pé dandan ni kí ìjọba fi hàn fún adájọ́ pé kò sí ọ̀nà mìíràn tó bọ́gbọ́n mu láti fi gba owó náà, wà fún ilé tí IRS bá fẹ́ gbà fúnra rẹ̀. Fún ẹjọ́ abala 7403, tó ń yọrí sí ibì kan náà, tó ń lé ìdílé kan náà síta, kò sí nínú òfin. Ìlànà inú ọ́fíìsì ni wọ́n fi ń dí i, ọ́fíìsì sì lè yí ìlànà rẹ̀ padà nígbàkígbà láìbi ẹnikẹ́ni. Agbẹnusọ fún àwọn asan-owó-orí, tó ní ọ́fíìsì tirẹ̀ nínú IRS, ti rọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin léraléra pé kí wọ́n kọ ààbò kan náà sínú abala 7403. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ti di ọmọ onílùú ní Texas, ní Georgia àti ní Maryland ń dìbò fún àwọn aṣòfin náà ní ọdún méjì-méjì, àwọn ẹgbẹ́ ìlú wọn sì ń pe àwọn olùdíje wá síbi àríyá wọn. Ìbéèrè yìí tọ́ kí wọ́n fi síwájú wọn níbẹ̀: ìgbà wo ni ẹ máa tún abala 7403 ṣe?